Ẹsẹ̀ Mi Wá Bíréèkì Tì

Orí mi mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ irin ìgbẹ́sẹ̀lé máṣìn náà, irin tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé bí a bá ń gùn ún. Kí ni kò ní í jẹ́ kó mọ̀? Ọwọ́ tí mo fi tú bóòtù rẹ̀ ṣì ń rùn kẹrosíìnì. Ẹsẹ̀ mi ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣàdédé yọ láti ẹnu ilé epo lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́ó, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún 9 tí mo ti ń gun máṣìn yẹn: ó sún ọmọ ìka síwájú, ó tẹ ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ni.

Bíréèkì ọwọ́ ló yọ mí. Mo fún un jù, táyà iwájú yọ̀ díẹ̀ lórí iyanrìn, máṣìn sì dúró nígbà tó kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan kí n kan ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó ń wà á yọrí síta, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní bíréèkì ni?" Ẹni ọdún 43 ni mí o. "Bàbá" tó pè mí yẹn dùn mí ju ẹ̀rù tó bà mí lọ.

Mo ní máṣìn, mi ò ní ọ̀kadà, ó sì nídìí. Tẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Baámi kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ohun tí wọ́n fi owó oṣù wọn san díẹ̀díẹ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Okada Air ni wọ́n ní orúkọ yẹn ti wá, ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Lójú baámi, ọ̀kadà ni èyí tí wọ́n fi ń kó èrò mẹ́ta pẹ̀lú àpò ẹ̀fọ́. Máṣìn ni èyí tí tíṣà ń gùn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi irin kékeré há ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́.

Honda CG125 ni. Ní 1982 ni wọ́n rà á ní tuntun, nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní Ìsẹ́yìn, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí mi. Ẹgbẹ́ ni èmi àti ẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún tirẹ̀ le ju tèmi lọ. Honda ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979, baámi sì gbà pé ibẹ̀ ni tiwọn ti jáde. Mi ò bá wọn jiyàn.

Bí ẹ ò bá mọ CG, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀, torí òun ni máṣìn tó mọ ìwà wa. Ó jáde ní 1976. Àwọn tó ṣe é ti rí i pé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, èèyàn máa ń di ẹrù lé máṣìn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀, a kì í sì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ máṣìn Honda mìíràn ìgbà náà gbé kámúṣáàfù, ọ̀pá tó ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, sókè orí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì tó mọ́ ti gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí gbé e wá sísàlẹ̀, ó wá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti fáàfù láti ibẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, àmọ́ ó lè gba ìyà. Wọ́n tún bo ṣéènì rẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀ kí eruku má wọ̀ ọ́. Ìbòrí yẹn gan-an ni àwọn èèyàn wa máa ń kọ́kọ́ tú dànù! Ọdún 1976 yìí náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní ilẹ̀ Brazil, Pelé fúnra rẹ̀ sì polówó rẹ̀ fún wọn. Mo sọ èyí fún baámi lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé àwọn àti Pelé máa pàdé níbì kan.

Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà da ẹ́ńjìnnì yẹn kọ. Ọ̀pọ̀ nínú máṣìn tí ẹ ń rí ní títì lónìí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára táńkì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ CG ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò fi wọ́n ní ọjà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Irin ìgbẹ́sẹ̀lé CG, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúùtúrẹ́ẹ̀sì, irin gbọọrọ kan ṣoṣo ni. Ó gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì láti òsì bọ́ sí ọ̀tún, bóòtù mẹ́rin ló gbé e ró, rọ́bà sì wà ní orí méjèèjì. Kò ṣeé ká. Bí máṣìn bá ṣubú, irin yẹn ló máa kọ́kọ́ jìyà. Tiwa ti ṣubú tó. Apá òsì rẹ̀ ti wọ́ sílẹ̀ bí apá adìyẹ tí wọ́n dá, rọ́bà ọ̀tún sì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí irin fi ń yọjú. Bí òjò bá rọ̀, ńṣe ni bàtà mi máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàtà nọ́ńbà 46 ni mò ń wọ̀, tí baámi jẹ́ 41. Bí mo bá jókòó sórí rẹ̀, àfi bí ẹ̀lírì tó gun ìgò.

Mo gba Àràrọ̀mí lọ, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Gate ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé o kò lè wọ ọjà yẹn kó o má ra ohun tí o kò wá. Irin ìgbẹ́sẹ̀lé lásán ni mo wá. Ọkùnrin tó ń tà á gbé méjì jáde tó fẹ̀, tó ní eyín wínníwínní kí bàtà má baà yọ̀, tó sì ṣeé ká bí nǹkan bá kọ lù ú. Bí mo ṣe ń wò ó, ó fà pẹ́dà bíréèkì kan yọ láti abẹ́ tábìlì. Ó dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ sì ń ká pẹ̀lú síríńgì. Mo bi í bóyá ó máa bá máṣìn ọdún 1982 mu. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá àmàlà máa bá ewédú mu. "Ọ̀gá mi, CG ni. CG ò ju CG lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ láti 26,000 náírà, a parí ẹ̀ sí 18,500 fún gbogbo rẹ̀. Mo rò pé mo jèrè.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tú u. Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti da kẹrosíìnì sí àwọn bóòtù náà lórí. Mẹ́ta gbọ́ràn. Ìkẹrin já sínú, mo wá fi ìdajì ọjọ́ lu ihò sí àárín rẹ̀ kí n tó lè yọ ọ́. Mo tún ní láti sọ sàlẹ́ńsà kalẹ̀ nítorí ó dí mi lọ́nà lápá ọ̀tún. Tuntun wọlé láìjanpata: ihò mẹ́rin bá ihò mẹ́rin mu, mo sì yin ọkùnrin Àràrọ̀mí nínú ọkàn mi. Pẹ́dà náà wọ píìnì rẹ̀ wẹ́kú. Mo so ọ̀pá bíréèkì, èyí tó ń fa bíréèkì ẹ̀yìn, mọ́ ọn, mo kì wáyà bọ ihò píìnì kó má baà yọ, mo fa síríńgì padà sí àyè rẹ̀. Mo jókòó. Orúnkún mi sinmi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 9. Ìyàwó mi yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní ó jọ máṣìn ọmọ ìpàǹpá. Mo gbà á bí ìyìn.

Ohun tí mi ò wọ̀n ni pé ibi tí ẹsẹ̀ mi wà báyìí ti sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 3, ó sì ti rẹlẹ̀ ní 2. Pẹ́dà wà níbi tó wà. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta nínú ọgbà, mo ń fi ojú wò ó bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá já lù ú?

Mo pe baámi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó ròyìn mi. Dípò kí wọ́n bá mi wí, ẹ̀rín ni wọ́n rín, ẹ̀rín tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ronú nípa owó ìpè mi. Wọ́n ní, "O ò yàtọ̀ sí bàbá àgbà ẹ." Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn kan nìyẹn tí wọn ò sọ fún mi rí.

Wolé-wolé ni bàbá àgbà, lágbègbè Ọ̀yọ́. BSA Bantam ni wọ́n ń gùn káàkiri láti wo ìkòkò omi àti ṣáláńgá oníṣáláńgá. Ní 1948 ni BSA bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bantam ní ìlú Birmingham. Àwọn tó ń pe ọjà Ṣáínà ní ayédèrú, ẹ gbọ́ èyí: àdàkọ ni Bantam náà. DKW RT 125 ti àwọn ará Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì gba àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Yamaha náà, máṣìn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1955, orí DKW yẹn kan náà ni wọ́n wò ṣe é. Inú ìdílé àdàkọ ni mo ti wá, n kò sì tijú.

Lára Bantam, bíi ti ọ̀pọ̀ máṣìn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń yí jíà, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ bíréèkì. Bí bàbá àgbà ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ó sì ti wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ìjọba Nàìjíríà yí ojú títì padà: àwa tí à ń gba ọwọ́ òsì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún láàárín òru ọjọ́ kan. Bàbá àgbà kọ́ ìyẹn láìfarapa. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó Údọ̀jì jáde. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nípa 1975. Owó oṣù ga, wọ́n tún san èyí tó ti kọjá pa pọ̀, ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba là sí rédíò àti máṣìn. Bàbá àgbà gbé Bantam sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ra Honda.

Honda, jíà wà ní òsì, bíréèkì wà ní ọ̀tún. Ibi tí gbogbo ayé ń lọ náà nìyẹn: òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 1974 sọ pé bí gbogbo máṣìn tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kù sí ọjà náà sì yí tiwọn padà kí wọ́n lè rí nǹkan tà. Kò sẹ́ni tó fi tó ẹsẹ̀ bàbá àgbà létí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ra Honda, wọ́n ń bọ̀ láti Awẹ́, agbo àgùntàn kan bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ òsì wọn tẹ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Jíà ló tẹ̀. Máṣìn ké, ó fò, ó gbé wolé-wolé pẹ̀lú fìlà àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àgùntàn ò kú. Bàbá àgbà dìde láàárín ebè, wọ́n gbọn ara wọn, wọ́n bá wo àwọn tó ń sáré bọ̀, wọ́n ní àwọn wá wo bóyá omi dúró sí oko náà ni.

Ohun tí kò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín dé ìparí ni ohun tí baámi fi kún un. Wọ́n ní títí bàbá àgbà fi kú ní 1991, bí wọ́n bá jókòó sí iwájú ọkọ̀ ẹlòmíràn tí nǹkan kan sì já lu títì, ẹsẹ̀ òsì wọn ló máa ń tẹ ilẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ti máṣìn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá. Mo ní mo tì í, torí mi ò láyà láti gùn ún. Àgbàlagbà ni, CG ló fi kọ́ṣẹ́. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka wọn pẹ́dà tuntun náà láti ibi píìnì sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ó tún wọ̀n láti ibi píìnì sí ihò ọ̀pá. Ó ní kí n lọ mú pẹ́dà àtijọ́ wá. Inú àpò ẹ̀yìn máṣìn ló wà, a dúpẹ́. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Wò ó, àbúrò. Kí lo rí?"

Mi ò rí nǹkan kan. Ó fi ẹnu sípánà tọ́ka sí i. Ihò tí wọ́n ń so ọ̀pá bíréèkì mọ́ lára tuntun fi bí ìbú ìka kan jìnnà sí píìnì ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí mo délé mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Àtijọ́: láti píìnì sí àtẹ́lẹsẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 20, láti píìnì sí ọ̀pá, 4. Bí ẹsẹ̀ bá fi agbára kan tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá á fi agbára márùn-ún fà. Tuntun: 20 sí 5. Mẹ́rin péré ni ọ̀pá máa rí fà. Ìdá kan nínú márùn-ún bíréèkì mi ni mo ti fi dúdú àti dídán pààrọ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá tiẹ̀ rí pẹ́dà lọ́jọ́ yẹn, ṣé kẹ̀kẹ́ yẹn ì bá bọ́? Mi ò fẹ́ bi ara mi.

Ọ̀gá ò tíì parí. Ó ní kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí n má sì fi sílẹ̀. Ó pè mí wá wo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, àmọ́ kò ṣeé ṣe kí n tẹ̀ ẹ́ kí n tún wá wò ó, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Lára apá kékeré tí ọ̀pá ń fà níbẹ̀, ọfà kan wà, àmì kan sì wà lára họ́ọ̀bù. Bí bíréèkì bá mú tán tí ọfà bá kan àmì, láínìn, ìyẹn ohun tó ń fún mọ́ inú họ́ọ̀bù kí táyà lè dúró, ti jẹ tán nìyẹn. Tèmi ti kan án. Apá náà sì ti yí kọjá ibi tó yẹ: bí bíréèkì bá ń mú, ó yẹ kí òun àti ọ̀pá ṣe igun tó gún régé bí igun ilé; tèmi ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, agbára fífà sì ń ṣòfò. Ẹni tó lọ ra pẹ́dà alárà, láínìn inú ilé rẹ̀ ti jẹ tán. Ọ̀gá ò sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Òun kàn rán ọmọ lọ ra bíréèkì ṣúù, èyí tí láínìn wà lára rẹ̀.

Mo ní ṣé kí á dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó ní rárá, irin ìgbẹ́sẹ̀lé tuntun dáa, ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Pẹ́dà ni kò bá a mu. Mo ní ṣé kí a jó orí rẹ̀ kó gùn sí ẹ̀yìn. Ó fi èékánná kan pẹ́dà dúdú náà, ó dún kọ́, ó sọ ọ́ sínú páálí padà. "Àlúmíníọ̀mù dídà ni. Èmi ò lè jó ohun tí ẹ̀mí èèyàn gbé lé." Pẹ́dà àtijọ́ ló mú. Ó ní irin gidi nìyẹn, irin máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀, èyí wù mí. Ó de pẹ́dà baámi mọ́ fáìsì, ó tan iná gáàsì, ó ń fi ọwọ́ iná náà kan ibì kan ṣoṣo, ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí orí rẹ̀, títí ibẹ̀ fi pọ́n bí epo tó ń hó. Ó ki páìpù bọ̀ ọ́ lórí, ó fà á wá sẹ́yìn pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀ nìkan. Kò lù ú. Ó wọ̀n ọ́n mọ́ bàtà mi, ó tún dáná sí i, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé ike omi wá, ó lé e dànù. Inú iyanrìn ló fi í sí kó tutù fúnra rẹ̀. Ó ní bí a bá da omi sí i, ó máa le, àmọ́ ó máa dá lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ràn ẹ̀mí mi jù. A jẹ ẹ̀wà àgànyìn títí ó fi tutù.

Ó jó nọ́ọ̀tì kékeré kan mọ́ abẹ́ férémù, ó de bóòtù sínú rẹ̀ kí pẹ́dà máa sinmi lé e lórí. Bí o bá yí bóòtù náà, pẹ́dà á gòkè tàbí kó rẹlẹ̀. Ó ṣètò rẹ̀ kí orí pẹ́dà fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí irin ìgbẹ́sẹ̀lé, kí ọmọ ìka lè wà lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé mo gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn títí pẹ́dà fi ń lọ sílẹ̀ bí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kí láínìn tó mú. Bí kò bá lọ tó bẹ́ẹ̀, láínìn á máa ha họ́ọ̀bù, á sì gbóná. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ á ti kan ìsàlẹ̀ kí máṣìn tó gbọ́. Iná bíréèkì ẹ̀yìn náà, a tún sísopọ̀ rẹ̀ ṣe kó má baà máa tàn lọ́sàn-án lóru.

Mo fa owó yọ. Ó ní mi ò tíì lọ. Ó gbé máṣìn sórí ìdúró rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n gùn ún, kí n di ojú mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tò yí mi ká. Bí ọ̀kan bá ké "Bíréèkì!", mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ láìlajú. Àwọn ọmọ yìí gbádùn ara wọn lọ́jọ́ náà o. Wọ́n á dákẹ́ títí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á wá ké lójijì láti ẹ̀yìn etí mi. Ìgbà mọ́kànlá àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi lọ wá a síwájú, níbi tó wà láyé àtijọ́. Ìgbà kejìlá ló rí i. Ó sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún. A ṣe é títí àwọn ará àdúgbò fi ń dúró wòran, obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì sì béèrè bóyá ojú mi ló fọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí pápá ilé ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ò sí, mo ń sá eré, mo ń tẹ bíréèkì, mo ń sá eré, mo ń tẹ bíréèkì, wákàtí méjì gbáko. Oṣù kan gbáko ni mo fi rọra gun máṣìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Mo kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan ní Bódìjà pé ajá kan ti kọjá, máṣìn ti dúró, èmi ò sì rántí pé mo ṣe nǹkan kan.

Baámi máa ń wá sí Ìbàdàn ní oṣù méjì méjì nítorí ojú wọn. Ẹni ọdún 79 ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti dé, kí wọ́n tó mu omi, wọ́n á lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ kí máṣìn wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí irin ìgbẹ́sẹ̀lé eléyín yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gùn ún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n wá pẹ́dà. Mo rí bàtà wọn tó ń na síwájú, tó ń padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ibi tí iná ti tẹ irin náà, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Tèmi yìí náà ni?"

Mo ní, "Òun náà ni, sà."

"Ó ga jù."

Mo mú sípánà 10, mo yí bóòtù ọ̀gá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń ní, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀," títí wọ́n fi mi orí. Wọ́n gùn ún yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú jíà kìíní, ìyàwó mi ń sáré tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Ìsẹ́yìn, mo yí i gòkè. Nísinsìnyí mo ti fi ọ̀dà sàmì sí bóòtù náà níbi méjì, funfun fún èmi, pupa fún wọn.